Fọ́tò ẹ̀dọ̀ eku méjì jọra jù nínú pépà kan, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ti fọwọ́ kàn án?

AbẹniYábàá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní lábù àti ẹ̀yin tí Photoshop yé dáadáa.

Mò ń ran ọ̀gá mi kan lọ́wọ́ lórí jọ́nà kékeré tí dìpátímẹ́ǹtì wọn ń gbé jáde, Mainland níbí ni. Iṣẹ́ mi ò ju kí n gba pépà wọlé, kí n wò ó bóyá rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì pé, kí n fi ránṣẹ́ sáwọn rífíwà tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí n wá máa bẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi dá èsì padà, ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Pépà kan wọlé láìpẹ́ yìí. Wọ́n fún àwọn eku ní paracetamol àpọ̀jù kí ẹ̀dọ̀ wọn lè bàjẹ́, wọ́n wá fún àwọn kan nínú wọn ní omi ewúro, wọ́n ní ewúro tún ẹ̀dọ̀ náà ṣe. Fọ́tò mẹ́fà ló wà níbẹ̀, A dé F, àwọn fọ́tò ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n pa láró píǹkì àti pọ́pù yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. A ni eku tí wọn ò fún ní nǹkankan rárá, E ni eku tó jẹ paracetamol tó wá mu ewúro lé e.

Bí mo ṣe ń to àwọn fọ́tò náà sójú ewé ni ojú mi kàn ń padà sí A àti E ṣáá. Ihò funfun kan wà lápá òsì nísàlẹ̀ nínú A, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò tó tẹ̀ báyẹn náà wà lápá ọ̀tún lókè nínú E. E kàn pọ́n díẹ̀ ju A lọ ni. Mo yí fóònù mi po, mo tún yí i po, ó dà bíi pé fọ́tò kan náà ni, wọ́n kàn dorí ẹ̀ kodò. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ará histology, àwọn tó ń wo ẹran ara lábẹ́ microscope, gbogbo ẹ̀dọ̀ ló jọra lójú mi, mi ò fẹ́ lọ fẹ̀sùn kan èèyàn lórí ohun tí mi ò mọ̀.

Èyí tó tún wá le níbẹ̀ ni pé ẹni tí orúkọ ẹ̀ gbẹ̀yìn lórí pépà yẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ni, àgbà tí ọ̀gá mi fúnra wọn máa ń dọ̀bálẹ̀ kí. Rífíwà méjèèjì ti ní kí pépà máa lọ, kò sẹ́ni tó sọ nǹkankan nípa fọ́tò.

Ṣé ọ̀nà kan wà tó máa jẹ́ kó dá mi lójú, tí ò sì ní gbówó lọ́wọ́ mi? Tó bá wá jẹ́ òótọ́, kí ni wọ́n ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ló sì máa sọ ọ́? Mi ò lè gbé fọ́tò yẹn síbí o, pépà tí ò tíì jáde ni, ẹ má bínú.

Aláwòrán Ṣómólú:

Àǹtí Abẹni, ẹ kú ojú lóko. Èmi ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀dọ̀ eku o, ìwé ìkésíni àti kàlẹ́ńdà ni mò ń ṣe ní Ṣómólú níbí, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ fọ́tò tí wọ́n fọwọ́ kàn, àwa la ń fọwọ́ kàn án. Oníbàárà á gbé fọ́tò bàbá olóògbé wá, bàbá wà láàárín èrò níbi òde kan lọ́dún gbọọrọ, á ní ká yọ gbogbo èrò kúrò, ká gbé bàbá sórí àga ọlọ́lá, ká fi fìlà dé e. A máa ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ibi tí irú iṣẹ́ yẹn ti máa ń jò.

Ẹ má fi screenshot ṣe nǹkankan o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, torí WhatsApp máa fún un pọ̀, ohun kéékèèké tẹ́ ẹ ń wá gan-an ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Inú fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Tó bá jẹ́ Word ni, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ẹ yí ìrù orúkọ ẹ̀dà yẹn kúrò ní docx sí zip, ẹ wá ṣí i, ẹ máa rí fódà kan nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ media, gbogbo fọ́tò wà níbẹ̀ bí Word ṣe tọ́jú ẹ̀. Nígbà míì ẹ tiẹ̀ máa bá ibi tí wọ́n ti gé kúrò níbẹ̀, torí tí èèyàn bá gé fọ́tò nínú Word, Word kàn máa ń fi ibi tó gé pa mọ́ ni, àyàfi tẹ́ni náà bá dìídì ní kó pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí wọn yọ, ẹ lo Photoshop, tàbí GIMP tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ sọ fọ́tò méjèèjì di dúdú àti funfun kí ọ̀rọ̀ pípọ́n yẹn má bàa tàn yín. Ẹ gbé E lé A lórí, ẹ yí E po, ẹ dojú ẹ̀ sí òdìkejì, ẹ sún un títí ihò yẹn á fi bọ́ síra wọn, lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan bí léyà kan ṣe máa bá èkejì pàdé, ẹ mú Difference. Ohun tí Difference ń ṣe ni pé ó ń yọ fọ́tò kan kúrò nínú èkejì. Ibi tí wọ́n bá ti jẹ́ ọ̀kan náà á ṣókùnkùn, ibi tí wọn ò bá ti jọra á mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lóòótọ́, rúdurùdu lẹ máa rí, kò síbi tẹ́ ẹ máa sún un sí tó máa ṣókùnkùn. Tó bá wá ṣókùnkùn tán tó ku ojú kan péré tó mọ́lẹ̀, ẹ fojú sí ojú kan yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe nǹkan.

Ẹ tún gbé kọ́ńtírásì sókè gan-an, kẹ́ ẹ má wo ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ wò, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wò, ibi tí ò sí nǹkankan. Ẹni tó bá fi clone stamp bo nǹkan mọ́lẹ̀, ibòmíì nínú fọ́tò yẹn náà ló ti bu ohun tó fi bò ó, ibi tó ti bù ú ṣì wà níbẹ̀, torí náà ẹ máa rí àbàwọ́n kan náà níbi méjì. Wẹ́bùsáìtì kan wà tó ń jẹ́ Forensically, ọ̀fẹ́ ni, ó ní ohun tó ń wá irú ìbejì bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí èyí tí wọ́n ń pè ní ELA (error level analysis, tó ń wo ibi tí fífún fọ́tò pọ̀ ò ti dọ́gba) kó yín láyà jẹ, etí létà àti etí ọfà inú fọ́tò sábà máa ń tàn yòò níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣe jìbìtì.

Ọmọ Lábù Ìdí-Àràbà:

Aláwòrán, ẹ ṣeun, iṣẹ́ yín yé yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tá a ń gé ẹran ara kún un.

Àǹtí Abẹni, ihò funfun tẹ́ ẹ rí yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, central vein là ń pè é, kò sí ẹ̀dọ̀ tí ò ní in, torí náà ẹ má fi ihò nìkan dájọ́. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni àwọn àmì róbótó aláwọ̀ pọ́pù tó wà káàkiri, nucleus, ìyẹn kókó inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, nìyẹn. Ẹ mú díẹ̀ nínú àwọn tó yí ihò náà ká nínú A, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò, èwo ló fara ti èwo, èwo ló dá wà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tiẹ̀ tún dáa fún irú iṣẹ́ yìí torí àwọn kan nínú wọn máa ń ní nucleus méjì nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, àwọn yẹn rọrùn láti tọ́ka sí. Ẹ wá lọ wá ìtò yẹn nínú E. Eku méjì ò lè ní ìtò kan náà láé. Kódà ká gé ẹ̀dọ̀ eku kan ṣoṣo, ká gé e tẹ̀ léra wọn, 5 micron síra wọn bá a ṣe máa ń gé e, iṣan ńlá lè jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn nucleus á ti yí, òmíì á ti parẹ́, òmíì á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù: eruku. Kámẹ́rà orí microscope máa ń ní eruku lójú, gbogbo fọ́tò tá a bá yà lọ́jọ́ yẹn ló máa ní àmì kékeré kan náà lójú kan náà. Àwọn tí ò mọ̀ á rí i, wọ́n á pariwo pé ẹ wá wò ó, àmì kan náà wà nínú fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Kò sí nǹkankan níbẹ̀, kámẹ́rà ló dọ̀tí. Ṣùgbọ́n eruku yẹn kì í rìn o. Tó bá wà ní igun òkè lápá òsì nínú A, B, C, D àti F, tó wá lọ wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún nínú E nìkan, a jẹ́ pé ẹnì kan ti yí E po lẹ́yìn tí kámẹ́rà yà á tán. Yíyí po fúnra ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwa náà máa ń yí i kó lè dùn ún wò, ó kàn jẹ́ pé ẹ máa fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ E nìkan.

Ẹ tún yẹ etí wọn wò, gbogbo wọn pátá, kì í ṣe A àti E nìkan. Èèyàn lè ya fọ́tò kan, kó sún sláìdì díẹ̀, kó tún ya òmíì, kó wá pe èkíní ní gúrúpù kan, kó pe èkejì ní gúrúpù mìíràn. Etí ọ̀tún B á wá jẹ́ etí òsì D. Irú ìyẹn ló ń ṣòroó rí jù lọ, ojú kì í tètè mú un torí àárín fọ́tò làwa èèyàn ń wò.

Kẹ́ ẹ sì mọ ohun tó wà ńlẹ̀ gan-an: tí E bá jẹ́ A, a jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ní ewúro wò sàn yẹn, kò ṣàìsàn rí. Gbogbo pépà yẹn dúró lórí fọ́tò kan yẹn ni.

Bọ̀bọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ẹ ń sọ ọ́ bíi pé ẹ ti mú olè. Ṣé ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí fún ọmọ tó ń ṣe PhD nílùú yìí ṣá? Microscope tó ní kámẹ́rà, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ilé iṣẹ́ ní, owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó ya fọ́tò, kì í ṣe ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ ló ń yà á, ẹni tó ń bójú tó lábù ló ń yà á, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sórí flash, orúkọ tó wà lára ẹ̀ á jẹ́ IMG_0041, IMG_0042, kò sí gúrúpù kan lára ẹ̀, iná á lọ láàárín ẹ̀, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la, ọ̀la á di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di ìgbà tó pẹ́ kó tó jókòó láti kọ pépà. Kí ló fẹ́ ṣe é tí A ò fi ní bọ́ sípò E? Àṣìṣe lásán ni. Ẹ wá fẹ́ torí ìyẹn ba orúkọ àgbàlagbà jẹ́, àgbàlagbà tó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ fojú kan fọ́tò yẹn kó tó ní kí wọ́n fi orúkọ òun sí i.

Àti pé kí ló dé tó jẹ́ jọ́nà kékeré tiwa lẹ fẹ́ sọ di ọlọ́pàá? Àwọn òyìnbó tó ni sáyẹ́ǹsì ńkọ́?

Ọmọ Lábù Ìdí-Àràbà:

Ẹ̀gbọ́n, fáìlì tó bá ṣèèṣì bọ́ síbi tí kì í ṣe tiẹ̀, á bọ́ síbẹ̀ bó ṣe wà ni. Ta ló yí i po? Ta ló jẹ́ kó pọ́n sí i? Flash kì í yí fọ́tò po.

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa iná àti microscope òótọ́ ni ṣá, mo ti jìyà ẹ̀.

Tòkunbọ̀ Ṣùúrù:

Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an, àwọn kan ti ronú lé e lórí dáadáa. Obìnrin kan wà, Elisabeth Bik, ará Netherlands tó ń gbé Amẹ́ríkà, òun àti Arturo Casadevall pẹ̀lú Ferric Fang gbé pépà kan jáde nínú jọ́nà mBio lọ́dún 2016. Pépà 20,621 ni wọ́n yẹ̀ wò látinú jọ́nà 40, èyí tó jáde láàárín 1995 sí 2014, ojú lásán ni wọ́n fi wò ó o, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. 3.8% nínú wọn ló ní fọ́tò tó níṣòro, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pépà kan nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n wá pín ìṣòro náà sọ́nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni kí fọ́tò kan fara hàn níbi méjì bó ṣe wà gẹ́lẹ́, irú ti IMG_0041 tí ẹ̀gbọ́n Bọ̀bọ́ ń sọ nìyẹn, ó lè jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́. Ìkejì ni kí wọ́n sún un, kí wọ́n yí i po, tàbí kí wọ́n dojú ẹ̀ kodò. Ìkẹta ni kí wọ́n wọnú fọ́tò náà lọ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n gé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n pa nǹkan rẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń lọ láti èkíní sí ẹ̀kẹta ni àwíjàre àṣìṣe ń dín kù. Ó kéré tán, ìdajì nínú àwọn tí wọ́n rí ló ní àmì pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ìdajì yòókù ni ẹ̀gbọ́n lè máa gbèjà.

Nípa ti àwọn òyìnbó, hà! Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Hwang Woo-suk ní South Korea (òyìnbó kọ́, mo mọ̀) ní òun ti ṣe stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi ẹran ara) oríṣi mọ́kànlá látara aláìsàn, ọdún 2005 ni, jọ́nà Science ló gbé e, fọ́tò tó pera wọn ní oríṣi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì jẹ́ ọ̀kan náà wà lára ohun tó tú u fó, wọ́n fa pépà náà padà ní January 2006. Ti Japan ní 2014, STAP cells (sẹ́ẹ̀lì lásán tí wọ́n ní ásíìdì lè sọ di stem cell), Nature gbé e jáde ní January, July ọdún yẹn kan náà wọ́n ti fà á padà. Pépà Alzheimer kan tó jáde nínú Nature ní 2006, àwọn èèyàn ti tọ́ka sí i ju ìgbà 2,000 lọ, 2022 ni ìwádìí tí ìwé ìròyìn Science ṣe wá gbé iyèméjì tó wà lórí àwọn fọ́tò ẹ̀ síta, 2024 ni wọ́n tó fà á padà. Ẹ ka ọdún yẹn. Ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Dana-Farber tó so mọ́ Harvard, January 2024, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Sholto David jókòó sílé ẹ̀ ní Wales, ó gbé fọ́tò wọn síta lórí blọ́ọ̀gù, wọ́n sì ní àwọn máa fa pépà mẹ́fà padà, àwọn á tún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe. Kì í ṣe Ìdí-Àràbà, kì í ṣe Akọka.

Àwọn jọ́nà ńlá ti ń fi ẹ̀rọ wò ó báyìí, Proofig àti Imagetwin ni wọ́n ń dárúkọ jù, Science kéde ní January 2024 pé Proofig làwọn á máa fi yẹ gbogbo pépà wò nínú jọ́nà àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Owó ni wọ́n ń san fún un. Ìgbẹ́kẹ̀lé mi nínú irú ẹ̀rọ yẹn ò pọ̀, torí ìbejì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é láti máa wá, fọ́tò tí AI bá yà tuntun látìbẹ̀rẹ̀ ò ní ìbejì níbì kankan. Ẹ rántí eku February 2024 yẹn, tí wọ́n fi Midjourney (AI tó ń ya àwòrán) yà, tí nǹkan ọkùnrin ẹ̀ tóbi ju òun fúnra ẹ̀ lọ, tí létà ara fọ́tò náà jẹ́ jágbajàgba, jọ́nà Frontiers kan gbé e jáde, rífíwà ti rí i, ẹ̀dítọ̀ ti rí i, ó ṣì jáde! Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fà á padà, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Aláwòrán Ṣómólú:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo eku yẹn. Mi ò lè gba owó lọ́wọ́ oníbàárà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Bàbá Ẹ̀dítọ̀:

Abẹni ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo ti ṣe ẹ̀dítọ̀ rí kí n tó fẹ̀yìn tì, jẹ́ kí n dá ìbéèrè rẹ kejì lóhùn torí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Ìwọ kọ́ lo máa sọ ọ́. Má gbé e lé ara rẹ lórí. Kọ ohun tó o rí sílẹ̀ ní ojú ewé kan fún ọ̀gá rẹ, fi àwòrán méjèèjì síbẹ̀, fi ọfà tọ́ka sí ibi tó o rí, kó o sì fi fáìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pamọ́ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní yí i padà. Ọ̀gá rẹ ló máa kọ lẹ́tà, orúkọ jọ́nà ni yóò fi kọ ọ́, gbogbo àwọn tó kọ pépà náà ni yóò sì fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ bíi jìbìtì tàbí ayédèrú ò gbọ́dọ̀ sí nínú lẹ́tà yẹn. Ohun tí wọ́n máa kọ ò ju pé: a rí ìjọra láàárín fọ́tò A àti E, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa fi fáìlì àkọ́kọ́ gbogbo fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ bí kámẹ́rà ṣe yà á, pẹ̀lú àwọn fọ́tò yòókù tẹ́ ẹ yà látinú gúrúpù kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí èsì dé. Àgbà kankan ò lè bínú sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní sláìdì lọ́wọ́ ò ní ní fọ́tò kan ṣoṣo láyé, á ní púpọ̀ tó ti mú èyí tó dáa jù.

Àjọ kan wà tó ń jẹ́ COPE, àwọn ẹ̀dítọ̀ kárí ayé ló ń lo ìlànà wọn, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ti ya ọ̀nà tí èèyàn máa gbà fún irú ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí gan-an. Tí èsì wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí wọ́n pààrọ̀ fọ́tò, kí pépà máa lọ. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ò ní sáré dá a padà kẹ́ ẹ dákẹ́, torí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni yóò ti dé ọ̀dọ̀ jọ́nà mìíràn tí ò ní ẹni tó ń yí fóònù po. Yunifásítì wọn lẹ máa kọ̀wé sí, àwọn ló ní agbára láti wọ lábù, kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò. Jọ́nà kì í ṣe kóòtù.

Ọ̀rọ̀ ti Bọ̀bọ́ nípa pé kí ló kan jọ́nà kékeré, mi ò gbà á. Jọ́nà kan tó ń jẹ́ Journal of Cell Biology ti ń yẹ fọ́tò gbogbo pépà tí wọ́n bá gbà wò láti 2002, ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá wọn ṣe é. Mike Rossner ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ nígbà yẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin pépà tí wọ́n ti gbà ló ní ó kéré tán fọ́tò kan tó ṣẹ òfin wọn, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 1% péré ni èyí tó ba àbájáde iṣẹ́ jẹ́. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ mọ ìyàtọ̀ yẹn. Òfin wọn rọrùn: o lè mú kí gbogbo fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i tàbí kó ṣókùnkùn sí i, tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀ pátá lo ṣe é sí, tí kò sì bo nǹkankan mọ́lẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ mú ohun kan pàtó nínú ẹ̀ kó o wá mú un tàn, pa á mọ́, gbé e kúrò, yọ ọ́ tàbí fi kún un, tó o bá sì kó fọ́tò tó wá látibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ra, fa ìlà sáàárín wọn kí gbogbo èèyàn rí i. Sọ fún ọ̀gá rẹ kó fi í sínú ìlànà tẹ́ ẹ ń fún àwọn tó ń kọ̀wé sí yín. Títẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìwọ náà má gbé e lọ sórí gúrúpù WhatsApp kankan o. Ó lè jẹ́ àṣìṣe, ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà.

AbẹniYábàá:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó padà wá.

Mo ṣe ti zip yẹn, ó ṣiṣẹ́, fọ́tò inú ẹ̀ ńlá ju èyí tí mo ń wò lójú ewé lọ fíìfíì. Eruku wà níbẹ̀! Ààmì kékeré dúdú kan, ní igun òkè lápá òsì nínú A, B, C àti F, D ni mi ò rí i, ó jọ pé wọ́n gé etí ẹ̀ kúrò, nínú E ó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo wá yí E po, mo gbé e lé A, mo mú Difference, gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn. Sẹ́ẹ̀lì onínúkílíọ̀sì méjì tí Ọmọ Lábù sọ, mo rí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn nínú A, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú E.

Mo kọ ọ́ sójú ewé kan fún ọ̀gá mi bí Bàbá ṣe sọ, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "Abẹni, o fẹ́ kí wọ́n lé mi nílùú," àmọ́ wọ́n kọ lẹ́tà náà. Ẹni tó fi pépà ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ fèsì, ọmọ tó ń ṣe PhD lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni, ó ní láptọ́ọ̀pù òun ti kú, gbogbo fáìlì àkọ́kọ́ wà nínú ẹ̀, kò sí nílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn wá pe ọ̀gá mi. Èmi ti ń gbọ̀n. Wọn ò bínú o, wọ́n ní kí wọ́n fi ewé tí mo kọ ránṣẹ́ sí àwọn, wọ́n tún pè lálẹ́, wọ́n ní láptọ́ọ̀pù lè kú, blọ́ọ̀kù (ẹran ẹ̀dọ̀ tí wọ́n tọ́jú sínú wáàsì) wà ní lábù àwọn, àwọn á ní kí wọ́n gé e tuntun. Ọ̀gá mi ti yọ pépà yẹn kúrò nínú èyí tá a fẹ́ tẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ṣé blọ́ọ̀kù tó? Kí ni ká ní kí wọ́n ṣe gan-an?

Ọmọ Lábù Ìdí-Àràbà:

Blọ́ọ̀kù tó, ó tiẹ̀ dáa ju fáìlì lọ. Ẹran tí wọ́n ti fi sínú wáàsì paraffin yẹn lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní ṣe nǹkankan, ẹ ṣì lè gé e lónìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ tó kọ pépà yẹn ni kó gé e. Kí ọ̀gá yín bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n pé kí ẹlòmíì nínú lábù wọn ṣe é, tàbí lábù mìíràn. Kí wọ́n mú blọ́ọ̀kù gbogbo gúrúpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá, kí wọ́n fi nọ́ńbà bo orúkọ gúrúpù lára wọn, kí ẹni tó máa ya fọ́tò àti ẹni tó máa kà á má mọ èyí tó jẹ ewúro àti èyí tí ò jẹ nǹkankan. Kí wọ́n ya ju ojú ibì kan lọ lórí sláìdì kọ̀ọ̀kan, kí scale bar (ìlà tó ń fi ìwọ̀n hàn) wà lára ẹ̀, kí wọ́n fi TIFF (fáìlì tí kì í sábà ba fọ́tò jẹ́) ránṣẹ́, kì í ṣe JPEG, kì í ṣe inú Word. Tí wọ́n bá ní blọ́ọ̀kù gúrúpù E nìkan ni àwọn ò rí, ẹ padà sí lẹ́tà kejì tí Bàbá sọ, èyí tẹ́ ẹ máa kọ sí yunifásítì wọn.